Àga Tó Ṣófo Nínú Kọ̀ǹpútà

                                        Ilé Alájà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀, àbí ìyàwó ló ṣì ń wọ̀ ọ́ ní bàtà bí ọmọ jẹ́léósinmi? Èmi wà bí mo ti wà: orúnkún ń ké, ojú ń ṣe bàìbàì, ẹnu nìkan ni kò darúgbó.

Kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu aláròká: ọmọ rẹ wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń bá mi jiyàn. Apá òsì rẹ̀ ló kán. Má gbé àdá. Kà á tán ná.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ. Ọmọ rẹ ló ń tọ́jú dátábéèsì wa: orúkọ ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún, irú ẹ̀jẹ̀ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alága wa tuntun yọjú. Ọkùnrin yìí, bó bá sín, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ó bẹjú wo kọ̀ǹpútà, ó rí i pé nínú ìlà àwọn tó ní àṣẹ, ọmọ rẹ ló wà lókè pátápátá. Òun wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn tó lè wò nìkan.

"Ta ni ọmọdé yìí tó jókòó lé mi lórí?"

Ọmọ rẹ ní kó má bínú, òun á kọ́kọ́ gbé bàbá gòkè, kí òun tó sọ̀kalẹ̀. Alága fọwọ́ lu tábìlì. "Níbo lo ti rí i tí ọmọdé jókòó, tí àgbà ń dúró de àyè? Gbogbo yín, ẹ dìde ná, kí n tó jókòó!"

Ẹ̀kọ́ ilé tí ìwọ àti èmi fi pàṣán kọ́ ọ ló kó bá a. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó gba ti ara rẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tó wá fẹ́ gbé Alága gorí àga, kọ̀ǹpútà ní ọmọ náà kò láṣẹ mọ́ láti fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Àga ṣófo, ilẹ̀kùn tì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà níbẹ̀, òun gan-an ló wọ́ ọ.

A ń jiyàn lọ́wọ́ ni Alápatà àdúgbò wa já wọlé, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti màlúù. Àbúrò rẹ̀ àti ẹnì kan ló jà níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ni ìyẹn bá yọ àdá sí i: ẹ̀ẹ̀kan ní èjìká, ẹ̀ẹ̀mejì ní itan. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó ti tán nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó sáré wá gba orúkọ àwọn tó ní in lọ́dọ̀ wa.

Alága tún táì rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gbẹ́ni, ìlànà wà. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí..."

Kò parí rẹ̀. Alápatà fi orí kàn án nímú, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó gbé e lulẹ̀, ó gùn ún láyà, ó ń da ẹ̀ṣẹ́ bò ó bí ẹni ń fọ́ egungun ẹran. Mo fà á lẹ́wù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu. Eyín mi tó ti ń mì láti ọdún tó kọjá bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló kọ̀, ó gbé àga onírin sókè láti fọ́ ọ. Ọmọ rẹ fara bò ó. Àga sọ̀kalẹ̀ lé e lápá.

"Ẹ tún un gbé," ó ní láti ilẹ̀, omijé ń dà. "Ẹ fọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni àwọn orúkọ wà. Ọwọ́ ara yín lẹ máa fi pa àbúrò yín."

Àga bọ́ lọ́wọ́ Alápatà. Ó kúnlẹ̀.

Ọ̀nà kan ló kù, ọmọ rẹ ní: kí a pa dátábéèsì náà, kí a wá jí i lọ́nà tí kò fi ní bi ẹnikẹ́ni pé ta nìyẹn, bí ẹni gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà tí aṣọ́nà ń sùn. Kí a dá àṣẹ òun padà fún òun, kí a tó jí aṣọ́nà. Ọwọ́ kan ló kù fún un, mo di ọwọ́ kejì. Ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ̀ ẹ́. "Màmá Tíṣà, ẹ fi àyè kan sílẹ̀! Àyè kan, mo ní!" Ogójì ọdún ni mo fi ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, lọ́jọ́ yẹn, àṣìṣe tèmi lè pààyàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà.

Ènìyàn mẹ́fà ló ní irú ẹ̀jẹ̀ náà. Fóònù àwọn méjì kò lọ, ẹnì kan ti rìnrìn àjò, àwọn méjì ní àwọn ti ń bọ̀. Ọmọ rẹ ka ẹnì kẹfà sínú, ó wo ilẹ̀.

Alága ni. Ọjọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀, fọ́tò ló gbájú mọ́, kò béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá lára òun. Ẹ̀jẹ̀ tí Alápatà ń wá kiri, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì wa.

Mo ń retí ọlọ́pàá, mo ń retí ìlànà. Alága dìde, imú rẹ̀ ti wọ́ lọ sápá kan, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀. "Ọkọ̀ mi wà níta," ó sọ fún Alápatà. "Bọ́ sínú rẹ̀." Dókítà wo imú náà, ó kọ̀. Alága ní ta ni dókítà tí yóò dúró níwájú Alága, ó pariwo títí wọ́n fi gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìgbéraga rẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà yè. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ bi Alága pé níbo ni kí òun fi í sí nínú ìlà. "Ìsàlẹ̀," ó ní, láti inú òwú tí wọ́n fi dí imú rẹ̀.

Nítorí náà, fi àdá sílẹ̀ nílé. Àràárọ̀ ni Alápatà ń wá bá ọmọ rẹ fọ aṣọ, kò lè wo ojú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ lù ú dandan, wá tò sẹ́yìn mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ pàdánù eyín níbẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ilé. Ọmọ rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ ọ̀tún tí òun fi ń kí ọ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí eyín rẹ̀ ku díẹ̀,
Màmá Tíṣà