Orúkọ Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àti àwọn ìbejì. Àbíkẹ́yìn mi ti ká eyín méjì. Ẹsẹ̀ mi ló ń wú, torí ìdúró ti pọ̀ jù.

Ọsibítù kẹta lọ́dún yìí nìyí tí mò ń bá gbé èsì àyẹ̀wò kúrò nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Olórí yàrá àyẹ̀wò wọn, àgbà obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Gègé, kò yéé fi gègé kọ èsì sínú ìwé tirẹ̀. Mo ti bá a jà títí, ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé yìí nìyí. Ká tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi aláìsàn irọ́ dán kọ̀ǹpútà wò, lẹ́yìn náà a óò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Orúkọ Màmá àti ọjọ́ ìbí wọn ni mo lò, torí mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Mo tẹ èsì tó dáa fún wọn. Ó rẹ̀ mí, mi ò rántí pa á rẹ́. Lóṣù tó kọjá, Màmá lọ ṣàyẹ̀wò níbẹ̀ lóòótọ́, èsì tèmi sì ni dókítà rí.

Lánàá, Ìyá Gègé ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Kídìnrín Màmá ò dáa. Ìyá Gègé ò bínú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́ jókòó ná."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè wọ́n lójoojúmọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa.

Màmá ò tíì mọ̀ pé èmi ni. Ìgbà tí mo kọ̀wé sí yín pé ara wọn le, nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ni mo gbà gbọ́.

Àbúrò yín.