Ajá Tó Ń Bu Ẹni Tó Bá Kúnlẹ̀ Jẹ

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọ̀rọ̀ ajá yìí ti sú mi. Táígà tún ti bu èèyàn jẹ. Bísọ́lá ni lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ tí Dèjì wa fẹ́ fẹ́. Òní ló kọ́kọ́ wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ láti kí Dádì Dèjì, kó tó ní "Ẹ káàsán, sà," ajá ti fò mọ́ ọn, ó ti fa apá rẹ̀ ya.

Gbogbo wa la sì mọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sọ ọ́ lókò nígbà tó wà ní kékeré, torí náà, ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rò pé òkúta ló fẹ́ ṣà. Nílé Yorùbá! Ta ni kì í bẹ̀rẹ̀?

A gbé Bísọ́lá lọ sí ọsibítù ní Ìtamágà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyá rẹ̀ pè mí, kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Dádì Dèjì ní, "Sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n máa kí wa lórí ìdúró." Háà! Olè tó ní torí ẹ̀ lòún ṣe ra ajá, ṣé òun ló máa wá kúnlẹ̀ kí wa?

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n Dádì Dèjì dé láti Ẹ̀pẹ́. Dádì Dèjì dúró, ó ń wo ẹ̀gbọ́n, ó ń wo ajá. Ó wá rọra pè mí: "Mọ́mì Dèjì, jọ̀ọ́, bá mi so ajá yẹn ná."

Mo so ó. Dádì Dèjì wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo ti pe dókítà ẹran, ó ń bọ̀ wá gbé Táígà lọ lọ́la. Bí Dádì Dèjì bá fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀, màá tú ajá sílẹ̀, kí òun náà wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí níwájú rẹ̀.