Àdúgbò Tó Gba Ilé Àlejò Ọjọ́ Méjì

Olúwaníyì, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Ọlọ́run tí à ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi, ohun tí o jáde lọ wá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíì. Àwa náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Lẹ́tà ni mo kọ, torí lórí fóònù o máa ń ní o ń bọ̀, fóònù á sì dákẹ́.

Iṣẹ́ tí o rán mi ni mo wá jẹ́. O ní kí n wádìí àdúgbò tí òfin wọn gbà kéèyàn ní ilé tí àlejò á sùn sí lọ́jọ́ méjì, tí á sanwó, tí á sì máa lọ, èyí tí ẹ ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì. Kò yé mi rárá pé àlejò ń sanwó kí wọ́n tó fún un lómi mu, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ló rán ni níṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Bùkọ́lá àbúrò mi. Àwọn láńlọ́ọ̀dù àdúgbò wọn ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ọdún gbáko ni àwọn mọ̀, pé ẹni tó bá ń kó àlejò òní yàtọ̀ sí tàná wọlé, àwọn á ti géètì mọ́ ọn. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ sí àdúgbò Takie. Bàbá Mátíù tó jẹ́ alága wọn bi mí pé ta ni yóò mọ bàbá àlejò ọ̀hún. Mo ní inú fóònù ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, pé tó bá sùn dáadáa, á fún ilé náà ní ìràwọ̀ márùn-ún. Bàbá náà wo ojú ọ̀run, ó ní kí n rọra lọ sinmi nílé.

O tún ní ká fi yàrá rẹ tó ṣófo dán an wò, kí n tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì, kí n to òdòdó sí i, kí n yà á ní fọ́tò. Mo ṣe é, ó sì wuyì. Àfi bí Màmá Martha tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ṣe wọlé wá tọrọ iyọ̀, ló bá káwọ́ lérí. O ṣáà mọ̀ pé níbí, òkú àgbà là ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì funfun olódòdó fún. Kí n tó lanu, àwọn obìnrin ti kún pálọ̀, wọ́n ti dá orin ìsìnkú, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni òkú ń dé. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi ló fẹ́ kí àlejò máa sùn ní yàrá òun. Màmá Martha ò tìtorí ìyẹn dákẹ́ ẹkún. Nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo sunkún, torí àárò rẹ ń sọ mí. Mo ká aṣọ funfun náà, mo tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ àtijọ́ padà.

Ṣùgbọ́n mo ti rí àdúgbò tó gbà o, tiwa níbí ni. Alájì Shamsudeen, alága wa, ní àwọn fọwọ́ sí i, bí onílé fúnra rẹ̀ bá ṣáà ti ń sùn níbẹ̀. Mo ní mò ń sùn níbẹ̀. Ó ní orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé? Mo ní tìrẹ ni, bàbá rẹ ló fi sí i kó tó papò dà. Ó ní ìwọ Àkànní lonílé nìyẹn, kì í ṣe èmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ń bi mí pé kí ló dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Òrùlé ilé ìdáná ń jò, òróró tí mo fi ń pa ẹsẹ̀ sì ti tán, nítorí náà mo ń tọrọ owó díẹ̀. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì o, ará báńkì kì í bá mi jẹun. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ilé bàbá rẹ kò ní di ahoro lójú rẹ. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ohun kan. Nígbà ọdún Àjíǹde, òru kan ṣoṣo lo sùn, o ò tú báàgì, o fi owó lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, o lọ. Àkànní, ìràwọ̀ mélòó lo fún wa?

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́