Omi Tó Ń Padà Sẹ́yìn Kì Í Ṣe Omi Tó Padà Dé

Ilé Ìgbẹ̀bí Ìkẹ́olúwa,
Òpópó Òkè-Ìsẹ̀,
Orin-Èkìtì.

Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2003.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Omi Ẹ̀rọ Àjùmọ̀ní Òkè-Àgbàrá,
Ìdó-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

OÒGÙN KÒKÓ TÓ Ń GBA PÁÌPÙ YÍN WỌ INÚ OMI MÍMU, ÀTI ORÚKỌ MI TÍ Ẹ KỌ SÁRA PÁTÁKÓ

Èmi ni Alice Ọlọ́runfẹ́mi, agbẹ̀bí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbẹ̀bí, méjìlá tó kẹ́yìn níbẹ̀ nínú ilé ara mi ní Orin. Ẹ ti mọ orúkọ náà. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí oríta wa láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Mo tún ń sọ ọ́ nítorí mo ti rí i pé ní ọ́fíìsì yín, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, mo ṣí ẹ̀rọ omi iwájú ilé mi láti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Omi tó jáde dà bí omi aró. Mo tì í, mo sì lọ bá aládùúgbò mi, Ọ̀gbẹ́ni Festus, àgbẹ̀ kòkó tí ògiri ilé rẹ̀ kan tèmi. Ó ń po oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ti so rọ́bà gígùn tí omi ń gbà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó ki orí rẹ̀ kejì bọ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ó sì gbé òkúta lé e kó má baà ta jáde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ Orin ń ṣe é. Láàárín ìyẹn ni ẹ̀yin pa ẹ́ńjìnnì tó ń ti omi, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín. Bí agbára ti tán nínú páìpù ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì, ó pín in kárí ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Festus kò mọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó káwọ́ lérí, ó sì fa rọ́bà náà yọ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí rọ́bà rẹ̀ kì í kan omi dúrọ́ọ̀mù mọ́. Àgbẹ̀ tí kò kàwé kọjá Prámárì Mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ yìí sì yé e láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo kọ̀wé sí yín. Ìlà mẹ́rìndínlógún ni lẹ́tà náà. Àkọlé rẹ̀ ni OMI Ń PADÀ SÍNÚ PÁÌPÙ WA. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti sọ ibi tí omi náà ti ń padà àti oògùn tó ń bá a padà. Mo sọ ọ̀nà àbáyọ pẹ̀lú, pé kí ẹ fi ohun tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní nọn-ritọ́ọ̀nù sí ibi tí páìpù ilé kọ̀ọ̀kan ti ya lára páìpù ńlá. Irin kékeré ni, kò tóbi ju ìkúùkù lọ. Ó ń jẹ́ kí omi wọlé, kì í jẹ́ kó jáde padà.

Èsì yín dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ. Ẹ kí mi kú oríire! Ẹ ní inú yín dùn láti gbọ́ pé omi ti padà sí páìpù wa lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹ sì rọ̀ mí kí n máa gbàdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ yín. Mo yí àpò ìwé náà wò, bóyá ti ẹlòmíràn ni. Tèmi ni. Ẹ ka àkọlé, ẹ rí “padà,” ẹ rántí pé gbogbo ìlú ló ń sọ pé omi ti padà látìgbà tí ẹ́ńjìnnì tún ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì pa ìwé náà dé kí ẹ tó dé ìlà kejì. Ọmọ Yorùbá ni yín. Èdè tí wọ́n bí yín sí ni mo fi kọ ọ́, torí mo rò pé òun ni kò ní í ni yín lára.

Mo wọ mọ́tò wá sí Ìdó ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi, gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní inú fáìlì ìyìn ni lẹ́tà mi wà, ó sì gbé fáìlì náà jáde. Lẹ́tà mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó, òun kò sì lè dá ọ̀gá lọ́wọ́ kọ́. Ó ní ti nọn-ritọ́ọ̀nù, kì í ṣe uṣẹ́ òun. Uṣẹ́ ló pè é, bí a ti ń pè é nílé. Inú mi ì bá dùn bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe é níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, pátákó dé. Àkọlé mi ló wà lókè, orúkọ mi wà nísàlẹ̀, àwòrán ọwọ́ tó gbé ife omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi aṣọ di ẹnu ẹ̀rọ iwájú ilé mi. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń kìlọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Omi òjò ni mò ń sè fún àwọn aboyún. Ṣùgbọ́n n kò lè kìlọ̀ fún ẹni tó ti ìlú mìíràn wá.

Fúnmilọ́lá ti Odò-Orò wá. Èmi ni mo gbẹ̀bí òun fúnra rẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní ọ̀dọ̀ mi lòun yóò bí àkọ́bí òun sí. Ó bí ọmọbìnrin ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Lọ́sàn-án, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, èmi sì wà lẹ́yìnkùlé. Àbúrò rẹ̀, Bùkọ́lá, tú aṣọ tí mo fi di ẹ̀rọ, ó rò pé nítorí eruku ni, ó sì bu omi sínú ife oníke aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ oògùn kò hàn nínú irú ife bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ka pátákó yín nígbà tí mọ́tò já wọn sílẹ̀ ní oríta, wọ́n sì ti rí orúkọ mi. Fúnmilọ́lá ní omi náà korò, ṣùgbọ́n kí ni kì í korò lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ó mu ife kan àtààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ọmọ rẹ̀ kò rí ọyàn mu fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbí ni mo fi ń bọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí bí kò ti bà mí rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ìyá náà kú. Mo ní Ọlọ́run ni, kí ẹ má baà tún lọ kọ ọ́ sí pátákó pé ẹ̀yin ni.

Ta ló ki rọ́bà bọ dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà? N kò mọ̀, n kò sì wá a. Ogójì àgbẹ̀ ló wà lórí páìpù yẹn, wọn yóò sì máa fín kòkó títí oṣù kẹwàá yóò fi parí. Kò sí èyí tó lè mọ ìgbà tí ẹ óò pa ẹ́ńjìnnì nínú wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti mọ̀ pé omi tó ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ padà sínú páìpù.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ fọ páìpù wa, kí ẹ sì fi nọn-ritọ́ọ̀nù sí gbogbo ojúlé tó wà lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, nítorí aboyún márùn-ún ni yóò bímọ lọ́dọ̀ mi kí oṣù kẹwàá tó tán. Títí dìgbà náà, ẹ máa ṣe ìkéde kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ní ti pátákó, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀dà bo orúkọ mi, ẹ wó o lulẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà yìí wà lọ́wọ́ àlùfáà wa. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí nǹkan kan, yóò kà á fún gbogbo ìjọ, láti orí àkọlé títí dé ìlà tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Fúnmilọ́lá gbé ọmọ rẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ara ọmọ náà le. Mo bu omi òjò tí mo ti sè fún un, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọ ilé mi. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé ife náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló yọ ìgò omi tirẹ̀ nínú báàgì, ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì mu ún. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbà á wá sáyé, kò sì lè gba omi mu níbẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ka ìwé yìí dé ibí, ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín, tí kò kọ̀wé láti yìn yín,

Alice Ọlọ́runfẹ́mi (Ìyáàfin),
Agbẹ̀bí.