Òkúta Tó Jókòó Síbi Ibùsùn Mi

Abúlé Chuwajuyu,
Lẹ́bàá Adágún Atitlán,
Guatẹmálà.
14 Oṣù Kẹwàá, 1986.

Bartolo, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Òkè wa kò tu iná, n kò sì sá fi ìyá mi àgbà sílẹ̀. Èmi gan-an ni wọ́n gbé jáde.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ní tiwa, a wà láàyè.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í kọ́lé lẹ́sẹ̀ òkè láìkọ́kọ́ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ìdúró èèyàn, ká fi wo bí ilẹ̀ ṣe tò léra. Tèmi kò tò rárá. N kò rí ipele eérú tàbí òkúta funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí òkè máa ń tu jáde pẹ̀lú iná. Àpáta ńláńlá ló há sínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, bí ẹ̀wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo. Ìyá àgbà yọjú wò ó, wọ́n ní, "Gaspar, ọ̀nà òkè nìyí. Ó ti gba ibí kọjá rí."

Mo ní, "Ó mà ṣeun o, Ìyá. Ó bá mi ru òkúta ìpìlẹ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́." Mo bá kọ́lé mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ọlọ́jọ́ márùn-ún ṣì ń rọ̀ nígbà tí odò ẹ̀yìn ilé dákẹ́ lójijì. Inú mi dùn pé omi ti fà. Ìyá àgbà figbe ta: "Odò kì í dákẹ́ nínú òjò! Nǹkan ti dí i lókè! Tó bá já, orí wa ló ń bọ̀!" Mo jókòó pa sórí ibùsùn, mo ní n kò lọ síbì kankan.

Ventura wọlé, ẹni tí èmi àti òun kì í kí ara wa mọ́ láti ìgbà tá a ti jà lórí ààlà oko kọfí. Ó mú awọ gbọọrọ tó fi ń ru igi sẹ́yìn lọ́wọ́. "Olórí kunkun, ṣé wàá rìn ni, àbí kí n rù ọ́ bí igi ìdáná?"

Mo ní kó dán an wò. Ó dán an wò! Ó fi awọ náà dì mí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e kọ́ iwájú orí ara rẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Nínú àwọn ará abúlé tó tẹ̀ lé e wá, ẹnì kan gbá ẹsẹ̀ mi mú, ẹnì kan ń tì wá lẹ́yìn, ẹlòmíì pọn Ìyá àgbà. Mo kà wọ́n dé mẹ́sàn-án, mo ṣíwọ́. Ẹrẹ̀ ti bo ojú gbogbo wọn.

Bartolo, ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe omi, kì í ṣe ilẹ̀: ẹrẹ̀ òun àpáta ló lú pọ̀. Ó ń rìn bí ògiri, igi kọfí dúró lóòró lórí rẹ̀, ó sì wọ inú adágún lọ. N kò tíì mí lẹ́ẹ̀mejì tí ilé mi fi pòórá. Àpáta kan tó tó ọkọ̀ akẹ́rù ló wà níbi ibùsùn mi gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀ o." N kò lè rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí ìyá rẹ. Ventura kí ọ. Ilé rẹ̀ là ń sùn.

Mo tún wo kòtò tí o gbẹ́ sí ilẹ̀ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bákan náà ni: àpáta nínú ẹrẹ̀. Mo ti fa gbogbo èèkàn ilé tí o kàn mọ́lẹ̀ yọ, mo fi dáná fún Ìyá àgbà. Bí inú bá bí ọ, wá bá mi jà.

Èmi ni tìrẹ tí kì í gbọ́ràn,
Gaspar Yojcom.