Ohùn Ìyàwó Mi Lẹ́nu Obìnrin Mìíràn

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́ pípẹ́,

Ìyàwó mi kú. Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ló kú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ibùsùn wa. A ti sin ín. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ti dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í là á mọ́ èèyàn lórí báyìí. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn ná." Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ. Bí a bá fi ẹgbẹ̀rún ìkíni ṣíwájú ikú, ṣé yóò yà lọ́nà ni?

Ó dáa, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Etí rẹ ọ̀tún tó ṣẹ́kù ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbọ́? Tèmi ti burú. Irin ara ọkọ̀ tí èmi àti ìwọ fi gbogbo ọjọ́ ayé wa lù ní ṣọ́ọ̀bù ti lù mí padà. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nílé yìí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò ni mò ń gbọ́ ọ. Má bínú pé n kò ránṣẹ́ sí ọ nígbà ìsìnkú. N kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ "ẹ fara dà á" ti sú mi. Mo ń fara dà á, kò sì yọrí sí nǹkan kan.

Ohun tí mo fi ní kí wọ́n bá mi kọ̀wé sí ọ nìyí. O rántí fíìmù tí ìyàwó mi kọrin sí nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́? Eré àtijọ́ ni. Àwọn olórin ti ń ṣe é lórí ìtàgé kí wọ́n tó bí bàbá wa, kí àwọn onífíìmù tó wá gbé e síwájú kámẹ́rà. Orin ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn, orin ni wọn yóò fi bẹ̀ ẹ́. Oyún àkọ́bí wa yìí ló wà nínú ìyàwó mi nígbà náà, ikùn ti yọ, kò sì lè ṣe wúńdíá lójú ayé. Wọ́n ní kó kọ orin náà sínú ẹ̀rọ ní yàrá kan, wọ́n wá mú arẹwà ọmọge kan tó ń ya ẹnu tẹ̀lé e. Ẹnu ọmọge, ohùn ìyàwó mi. Ìwọ lo sọ fún un pé ó gbin àgbàdo, ẹlòmíràn wá ń sun ún jẹ. Ó dá ọ lóhùn pé kó máa sun ún, àgbàdo ṣì pọ̀ lọ́fun òun.

Lóṣù tó kọjá, ilé sinimá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì ní àwọn yóò tún fi fíìmù náà hàn. Àkọ́bí mi ní ká lọ. Mo ní kí ni adití fẹ́ fi orin ṣe? Ó ní, "Bàbá, sípíkà wọn tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù yín lọ. Ẹ ó gbọ́." Mo bá a lọ kí ẹnu rẹ̀ lè sinmi.

Jẹ́jẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀. Atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ gbé ọmọge náà sá fún bàbá rẹ̀. Bàbá ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Kàkà kí wọ́n sá, wọ́n dúró, wọ́n ń kọrin pé àwọn ń sá! Wọ́n kọ ọ́ títí, n kò mọ ìgbà tí mo pariwo pé, "Ẹ wọ ọkọ̀ jàre!" Obìnrin kan níwájú mi yíjú padà, ó ní, "Bàbá, wọn ò gbọ́ yín o." Mo ní, "Èmi náà ò gbọ́ ẹ." Àkọ́bí mi fi ọwọ́ bojú.

Nígbà tí ọmọge náà wá ya ẹnu, ìyàwó mi ló jáde. Sípíkà náà ń mú àyà mi gbọ̀n, ó ń mú apá àga gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kì í ṣe pé kò kọrin nílé. Bó bá ń fọ abọ́, bó bá ń ká aṣọ, mò ń rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, n kò kàn gbọ́ nǹkan kan ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ délẹ̀. Mo gbọ́ ibi tó ti ń mí. Mo gbọ́ bó ṣe máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó gun ohùn òkè, bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Ojú mi gbẹ níbi ìsìnkú rẹ̀. Kò gbẹ ní ilé sinimá yìí.

Ó wá kan orin ìkẹyìn. Ọkọ̀ ti dojú dé, atukọ̀ ti bá omi lọ, ọmọge náà dúró létí omi láti fi orin dágbére fún un. Ó ya ẹnu. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ó parí, etí mi ti kú pátápátá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, bí a ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ariwo hámà bá dí wa létí. Mo gbá èkejì. Ẹnu ọmọge náà ń lọ sókè sódò. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dá etí yẹn padà fún mi, orin kan péré, lẹ́yìn náà kó gbà á. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan súfèé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ẹ̀rín wọn ni mo fi mọ̀ pé etí mi kò kú. Ohùn ni kò sí. Ọmọge náà dúró níbẹ̀, ó ń ya ẹnu bí ẹja, ìyàwó mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iná tàn, àkọ́bí mi lọ sọ ẹni tí a jẹ́ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú fíìmù náà. Ó wá jókòó tì mí, ó ń pariwo sí mi létí. Ó ní fíìmù a máa jẹrà bí èèyàn. Ó ní bí àwọn bá ṣí agolo rẹ̀, ó ń rùn bí ọtí kíkan, ibi orin ìkẹyìn ló sì jẹ jù. Wọ́n ti wá ẹ̀dà mìíràn káàkiri, kò sí. Mo bi í bóyá kò ṣeé tún ṣe. Irin tó bá wó, èmi àti ìwọ á lù ú títí yóò fi tẹ́jú. Ó mirí. Ó ní ohun tó kù ni kí akọrin mìíràn kọ ọ́ sí ibẹ̀, àwọn ti rí ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ọ́. Àmọ́ àwọn kò ní ṣe é bí ará ilé ẹni tó ni ohùn kò bá fọwọ́ sí i. Bí a bá kọ̀, wọn yóò kó fíìmù náà padà sínú agolo kó máa jẹrà lọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń jáde nílé láti wá wo obìnrin tó ń ya ẹnu lásán. Wọ́n fẹ́ èsì kí oṣù yìí tó parí.

Mo ti rò ó títí. Bí mo bá ní rárá, gbogbo orin yòókù yóò bá a lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò fi ọmọ ọlọ́mọ dí ibi tó ṣófo, etí mi yìí kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Màá lọ jókòó síbẹ̀, màá máa sunkún lórí ohùn ẹni tí n kò mọ̀ rí, màá sì máa pè é ní ìyàwó mi. Àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kó nù lọ. Tèmi kú tán, ó tún fẹ́ nù.

Má kọ̀wé sí mi pé yóò dára. Kò ní dára. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó rọra máa tẹ orúnkún yẹn. Kí àwọn ọmọ. Kí ẹni tó bá kù nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò lè pọ̀ mọ́.

Mo fi ọ́ ṣe ẹlẹ́rìí sí èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo sọ nǹkan mìíràn. Àkọ́bí mi, etí tìrẹ pé, o sì mọ ohùn ìyá rẹ. Ìwọ ni kí o lọ bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni o, rárá o, èyí tó bá tọ́ lójú rẹ ni kí o sọ. Má jẹ́ kí n mọ èyí tí o sọ. Bí wọ́n bá sì tún ń fi fíìmù náà hàn níbikíbi, má mú mi lọ.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e rù mí."

Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gbé e rù ú.

                                                  Èmi náà ni, ẹnìkejì rẹ nídìí irin,
                                                  Olóòlù.