Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi Kọ́ Ló Bàjẹ́

                                        Ilé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbé ọ gun àtẹ̀gùn? Ṣé ọmọ-ọmọ rẹ tó ń hu eyín ti ń jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ aládùúgbò ní kí n máa sọ ọ́, kí òun máa kọ ọ́. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ìwé mẹ́ta tí mo kà ò tíì jò dànù.

Ọkọ mi ni ara rẹ̀ ò yá. Kókó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbilẹ̀, dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun kan máa ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí, wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Bí àwòrán ṣe ń lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọrùn ọwọ́, ó ń kọjá nínú àpótí òjé kékeré kan. Àpótí yẹn ló ń ka bí ìtànṣán inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láìsí iye yẹn, àwòrán lásán ni.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ rèé. Èmi náà ní kókó kan lọ́mú látọdún tó kọjá. Mo fi pamọ́, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa ṣàánú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ àwòrán yẹn kan náà, mo purọ́ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ yẹ ojú wò, mo sì lọ gba abẹ́rẹ́ ìtànṣán tèmi ní yàrá òkè, kí wọ́n lè ya àwòrán egungun mi, bóyá kókó náà ti dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ má jókòó ti ẹnikẹ́ni títí di ìrọ̀lẹ́ o.” Mo ní mo ti gbọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá ọkọ mi lórí ibùsùn ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ti wọ iṣan ọwọ́ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mójú tó àpótí òjé ní kí n dúró síta. Mo ní, “Ọkọ mi ni, kì í ṣe ọkọ tìẹ.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí bóyá mo gba abẹ́rẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣẹ́jú, mo ní rárá, torí ọkọ mi ń gbọ́. Mo fìdí lé àga, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí náà.

Ó yẹ kí iye náà máa lọ sílẹ̀ bí oògùn ṣe ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Kò lọ sílẹ̀. Ọkùnrin náà yẹ rọ́bà wò, kò jò. Ó nu àpótí, kò yí padà. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró.

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀jẹ̀ mi ti bàjẹ́ débi pé ẹ̀rọ ò lè kà á mọ́.” Mo gbọ́, mo dákẹ́. Àbúrò mi, mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, kò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wa gun ẹsẹ̀ òun.

Lánàá ni mo lọ jẹ́wọ́ fún ọkùnrin alápòótí òjé pé ìtànṣán ara tèmi ni àpótí rẹ̀ ń kà lọ́jọ́ náà. Kò bá mi wí, ó mú mi lọ bá dókítà. Dókítà ní ó ti rẹ ọkọ mi jù láti tún àyẹ̀wò náà ṣe, àwọn ò sì lè fún un ní oògùn náà láìmọ iye yẹn.

Mo délé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo rò pé á lé mi síta.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi dáa nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó wá wò mí. “Kí ni wọ́n rí nínú egungun tìrẹ?”

Mo ní wọ́n rí i níbi mẹ́ta.

Àwa méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, a ò mọ ẹni tó yẹ kó dìde gbé omi kaná fún èkejì.

Bá mi kí gbogbo ilé, má sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Mi ò bẹ̀ ọ́ rí pé kí o wá ràn mí lọ́wọ́. Máa bọ̀.

                                        Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Alágídí.